Púùlù ilé wa tún ti di gíríìnì, apá kiloríìnì ò ká a mọ́ o

ÌyáÌbejìFate
Sátidé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ púùlù yìí ti sú mi pátápátá. A ní ọ̀kan lẹ́yìnkùlé ní Fate, n'Ílọrin níbí, bàbá àwọn ọmọ ló gbẹ́ ẹ fún wọn, mítà 8 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀, ibi tí ò jìn jẹ́ mítà 1, ibi tó jìn jẹ́ mítà 2. Àtìgbà tí ọyẹ́ ti lọ lomi ẹ̀ ti ń di gíríìnì, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láti oṣù kejì. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ á wá, á da kiloríìnì kílò 1 sí i, á da álọ́ọ̀mù lé e, gbogbo omi á funfun bí omi ògì, tó bá di ọjọ́ kejì á fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó silẹ̀ kúrò, omi á mọ́ gaara, inú wa á dùn. Kò ní pé ọjọ́ márùn-ún, igun tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn á kọ́kọ́ máa yọ̀, téèyàn bá fọwọ́ kàn án á dà bí ilá, tó bá fi máa di ọjọ́ keje gbogbo ẹ̀ ti di ọbẹ̀ ewédú.

Lánàá bọ́ọ̀lù Kẹ́hìndé já sínú ẹ̀, ó nawọ́ láti mú un, ọkàn mi fò. Mo ti ọwọ́ ara mi bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, mi ò rí ìka mi. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn ẹbí ń bọ̀ láti Èkó pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kí ni ká ṣe?

ỌmọAdéwọlé
Sátidé, 8:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ra kọ́pà sọ́fẹ́ètì, òkúta búlúù yẹn, wọ́n ń tà á lọ́jà. Ẹ kó o sínú ìbọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ máa fà á káàkiri inú omi, kílẹ̀ ó tó mọ́ gíríìnì ọ̀hún á ti kú. Mo fi ṣiṣẹ́ nílé kan ládùúgbò wa lọ́dún tó kọjá, ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

AlápúùlùỌ̀fà
Sátidé, 9:22 alẹ́

Àbúrò, lóòótọ́ ni kọ́pà ń pa á, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bàbà ni kọ́pà, bàbà kì í gbẹ, kì í fò lọ, ohun tẹ́ ẹ bá dà sínú omi lónìí ibẹ̀ ló máa wà títí ẹ ó fi da omi nù. Bó bá ti pọ̀ tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan, sì lọ sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara táìlì, á fi àbàwọ́n búlúù àti dúdú sí i, ẹ ó fọ̀ ọ́ títí kò ní lọ. Irun àwọn òyìnbó tó máa ń di gíríìnì nínú púùlù, bàbà ló ń fà á, àwọn èèyàn ló ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru kiloríìnì. Àti pé òkúta búlúù ò lè rọ́pò kiloríìnì fún kòkòrò àìsàn tí èèyàn ń gbé wọnú omi. Púùlù ọmọdé ni púùlù yìí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àlàájà, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Ọ̀fà, Ìlọrin, títí dé Ajàṣẹ́. Gíríìnì yìí, ewéko wẹ́wẹ́ tó ń hù nínú omi ni. Tó bá ń lọ tó ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe pé ó lágbára ju kiloríìnì lọ. Ohun kan ló ń di kiloríìnì yín lọ́wọ́. Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí. Láàárín ìgbà tọ́mọkùnrin yẹn ò bá wá, kí lẹ máa ń lò? Ìgbà wo lẹ ti pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn? Wákàtí mélòó ni pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́?

ÌyáÌbejìFate
Sátidé, 9:51 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an sà. Tábílẹ́ẹ̀tì là ń lò, àwọn ńlá yẹn tó fẹ̀ bí ìdí agolo mílíìkì, gíráàmù 200 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Méjì lọ́sẹ̀, nínú ike tó ń léfòó lójú omi. Láti oṣù keje ọdún tó kọjá. Omi, a ò pààrọ̀ ẹ̀ rí, a kàn máa ń fi omi bọ̀hóòlù kún un tó bá ti fà. Pọ́ǹpù, ìgbà tíná bá wà ni o, ọjọ́ míì wákàtí 4, ọjọ́ míì kò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ rárá.

AlápúùlùỌ̀fà
Sátidé, 9:58 alẹ́

Mo rò bẹ́ẹ̀. Tábílẹ́ẹ̀tì yẹn ni. Tíṣà, tẹ́ ẹ bá wà níbí ẹ bá wa ṣàlàyé, ẹ ó sọ ọ́ jù mí lọ.

TíṣàKẹ́mísìÒkèÒyì
Sọ́ńdè, 6:35 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ará. Àlàájà, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ibi tówó yín ń gbà lọ ni.

Nínú tábílẹ́ẹ̀tì yẹn, kiloríìnì nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní cyanuric acid, CYA la máa ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa o, agboòrùn ni fún kiloríìnì. Oòrùn ọ̀sán Ìlọrin tá a mọ̀ yìí, tí ò bá sí CYA rárá nínú omi, kò ní pé wákàtí kan tó fi máa jẹ ìlàjì kiloríìnì tẹ́ ẹ dà sí i. Torí náà 30 sí 50 ppm CYA wúlò (ppm kan ni mílígíráàmù kan nínú lítà omi kan). Wàhálà ibẹ̀ ni pé kiloríìnì máa ń tán, CYA kì í tán. Oòrùn ò lè gbẹ ẹ́, asẹ́ ò lè mú un, álọ́ọ̀mù ò lè fà á sísàlẹ̀. Ó kàn ń pọ̀ sí i ni. Tó bá sì ti pọ̀ jù, á dì mọ́ kiloríìnì, kò ní jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́. Ìyá tó pọn ọmọ kan ṣì lè gún iyán. Ẹ wá pọn ọmọ mẹ́rin lé e lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọrí odó gan-an ò ní ṣeé gbé nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Púùlù yín, 8 lọ́nà 4 lọ́nà 1.5, torí 1.5 ni àárín méjèèjì tó bá di jíjìn. Ìyẹn jẹ́ 48, tó túmọ̀ sí lítà 48,000. Tábílẹ́ẹ̀tì gíráàmù 200 kan, ó lé díẹ̀ ní ìlàjì ẹ̀ tó jẹ́ CYA, nǹkan bíi gíráàmù 110. Tẹ́ ẹ bá pò ó mọ́ lítà 48,000 á fún yín ní nǹkan bíi 2.3 ppm. Méjì lọ́sẹ̀, 4.5. Láti oṣù keje títí di ìparí oṣù kẹrin tá a wà yìí jẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi 39. Ó lé ní 170. Díẹ̀ á ti bá bákíwọ́ọ̀ṣì lọ, ìyẹn omi tẹ́ ẹ ń dá padà gba inú asẹ́ láti fi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì pọ̀.

Kí kiloríìnì tó lè pa gíríìnì tó ti gba gbogbo omi, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 iye CYA. Tí CYA bá jẹ́ 40, ẹ nílò 16 ppm. Tó bá jẹ́ 160, ẹ nílò 64. Kílò 1 tọ́mọ yẹn ń dà sí i kò fún yín ju 14 tàbí 15 lọ. Gíríìnì ò kú, ó kàn dákú ni, álọ́ọ̀mù wá fà á sísàlẹ̀, ẹ rí omi tó mọ́. Álọ́ọ̀mù ò pa nǹkan kan. Ó ń kó ìdọ̀tí jọ sójú kan ni, ìwọ̀nba tó kù lára ògiri á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wá kíìtì tó ń wọn CYA.

ÌyáÌbejìFate
Sọ́ńdè, 7:20 àárọ̀

Allah á san yín lẹ́san. Oṣù mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó sọ eléyìí fún wa rí. Ọkọ mi wà l'Ékòó, màá ní kó ra kíìtì bọ̀.

BàbáTanke
Sọ́ńdè, 10:05 àárọ̀

Ọmọ mi, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ da omi nù. Ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ má da púùlù gbẹ nígbà òjò. Mo ṣe é lóṣù kẹsàn-án ọdún kan, ilẹ̀ ti mu omi yó, mo fa omi inú púùlù gbẹ láti fọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ tí nǹkan dún gbàù lẹ́yìnkùlé. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló tì í láti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ púùlù gbéra, ó sán láti igun dé igun. Omi tó wà nínú púùlù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èyí ni mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Bí kànga bá wà nítòsí, ẹ wo bí omi ẹ̀ ṣe jìn sí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

AlápúùlùỌ̀fà
Sọ́ńdè, 10:30 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Èmi náà ti rí méjì tó gbéra bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejìFate
Túsìdeè, 5:47 ìrọ̀lẹ́

Kíìtì ti dé. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, omi púùlù àti oògùn ẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ó di funfun bíi mílíìkì, mo wá ń dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ike gbọọrọ tí àmì dúdú wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ibi tí àmì dúdú bá ti pòórá ni kí n kà. Kò tíì dé orí 100 tí mi ò fi rí i mọ́. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

TíṣàKẹ́mísìÒkèÒyì
Túsìdeè, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ó túmọ̀ sí pé ó ju ohun tí ike yẹn lè kà lọ. Ẹ bu omi púùlù ife kan, ẹ bu píọ̀ wọ́tà ife kan, ẹ pò wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi àpòpọ̀ yẹn ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

ÌyáÌbejìFate
Túsìdeè, 6:31 ìrọ̀lẹ́

80. Ṣé 160 nìyẹn? Súbúhánallàhi.

TíṣàKẹ́mísìÒkèÒyì
Túsìdeè, 6:40 ìrọ̀lẹ́

160 ni. Ẹ fẹ́ kó padà sí 40, ìyẹn ni pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn gbọ́dọ̀ lọ, lítà 36,000. Ọ̀nà míì wà, ẹ da ìlàjì nù, ẹ kún un, kó pò pọ̀, kẹ́ ẹ tún da ìlàjì nù. 160 á di 80, 80 á di 40. Ìyẹn á dín ewu pé púùlù lè gbéra kù, ṣùgbọ́n lítà 48,000 lẹ máa nílò. Lítà 12,000 ni ìyàtọ̀, omi tánkà kan nìyẹn.

ÌyáÌbejìFate
Túsìdeè, 8:15 alẹ́

Kànga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aládùúgbò wa. Wọ́n bá mi ju garawa sí i, okùn tó lọ kó tó kan omi lé ní mítà 8. Òjò tó rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

BàbáTanke
Túsìdeè, 8:33 alẹ́

Tó bá ti jìn tó bẹ́ẹ̀ ẹ lè fà á lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí ni o, ẹ má dúró de oṣù kẹfà. Kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa, púùlù tó gbẹ fún ọmọdé burú bí èyí tó kún, ìṣubú mítà 2 sórí táìlì kì í ṣe kékeré.

ÌyáAdéÒmùÀrán
Wẹ́sìdeè, 7:10 àárọ̀

Àǹtí, ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un kẹ́ ẹ tó kó omi bọ̀hóòlù sí i. Ti wa níbí, omi ẹ̀ mọ́ lójú gaara, bá a ṣe da kiloríìnì sí i báyìí ló di àwọ̀ tíì. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Irin ló wà nínú omi ilẹ̀ wa, kiloríìnì ló jẹ́ kó dípẹtà lójijì. Ẹ bu omi bọ̀hóòlù yín sínú garawa funfun, ẹ wọ́n kiloríìnì díẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá pọ́n, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Èmi, ṣe ni mo jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí i, asẹ́ ń mú un, mo ń ṣe bákíwọ́ọ̀ṣì lóòjọ́, ọjọ́ kẹrin ó ti lọ. Omi tó ń jáde nídìí bákíwọ́ọ̀ṣì pọ́n bí omi osùn.

ÌyáÌbejìFate
Tọ́sìdeè, 12:20 ọ̀sán

Mo dán ti garawa wò, ó funfun bó ṣe wà, àlhamdúlílàhi. A ti fa omi jáde díẹ̀díẹ̀ sí gọ́tà, a ò jẹ́ kó ya lu ilé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí nísàlẹ̀ púùlù yẹn, ẹ̀yin ará, ẹrẹ̀ dúdú tó nípọn bí àmàlà, ìdin ẹ̀fọn ń jà pìtìpìtì nínú ìyókù omi, ọ̀pọ̀lọ́ méjì. Níbi tí àwọn ọmọ mi ti ń wẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. A ti gbá a, a ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ògiri. Bọ̀hóòlù ń da omi sí i látàárọ̀.

AlápúùlùỌ̀fà
Tọ́sìdeè, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tó bá kún, kẹ́ ẹ tó da kiloríìnì, ẹ wọn pH. Ẹ fẹ́ kó wà ní 7.2. Tó bá ti lé ní 8, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú kiloríìnì ló máa lágbára láti pa nǹkan. Ẹ fi ásíìdì púùlù fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí o, torí tí kiloríìnì bá ti pọ̀ ju 10 lọ nínú omi, oògùn pH inú kíìtì á máa purọ́ fún yín.

Kiloríìnì lúbúlúbú tẹ́ ẹ fẹ́ lò, ọ̀kan tí wọ́n kọ 70% sára ike ẹ̀, kò ní CYA nínú. Nínú púùlù yín gíráàmù 70 ẹ̀ ló ń jẹ́ 1 ppm. Fún 16, kílò 1 àti gíráàmù 100. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì ni kẹ́ ẹ dà á, kí oòrùn má bàa bá yín pín in.

Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa. Omi lẹ máa kọ́kọ́ pọn sínú garawa, kiloríìnì lẹ máa wá dà lé omi. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé kiloríìnì. Síbí tẹ́ ẹ fi bu tábílẹ́ẹ̀tì tàbí garawa tó ti gbé tábílẹ́ẹ̀tì rí, ẹ má fi kan lúbúlúbú yìí, tí méjèèjì bá pàdé pẹ̀lú omi díẹ̀ báyìí iná lè sọ. Ásíìdì àti kiloríìnì kì í sùn nínú yàrá kan náà. Mo ti rí garawa tó hó lójijì lójú mi, ọmọ iṣẹ́ kan ló da méjèèjì pọ̀, èéfín ẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀, ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ̀yin tàbí àgbàlagbà míì ni kó ṣe é, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

AraGáàÀkànbí
Tọ́sìdeè, 2:18 ọ̀sán

Ẹ ṣe nǹkan sọ́rọ̀ iná náà o. Omi tí ò rìn ni gíríìnì fẹ́. Lásìkò tẹ́ ẹ bá ń pa á yìí, pọ́ǹpù yẹ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Tí ò bá ṣeé ṣe, èmi so tèmi mọ́ sólà, ó ń ṣiṣẹ́ láti aago 9 títí di 4, ìyẹn wákàtí 7 láìná kóbọ̀ lórí epo. Nígbà tí mi ò tíì ní in, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá gígùn ru omi láàárọ̀ àti lálẹ́ kí kiloríìnì lè dé gbogbo igun. Apá á máa ro yín, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

ÌyáÌbejìFate
Sátidé, 8:50 alẹ́

Ẹ gbà mí. Púùlù ti kún láti àná. CYA 40, pH 7.2. Mo da kílò 1 àti gíráàmù 100 sí i ní aago 7 gẹ́lẹ́. Mo wọ̀n ọ́n báyìí, mo fi oògùn tó máa ń di píńkì sí i, kò di nǹkan kan! Funfun báláú. Ṣé gíríìnì ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán láàárín wákàtí méjì? Ṣé kí n da kílò kan míì sí i?

TíṣàKẹ́mísìÒkèÒyì
Sátidé, 8:56 alẹ́

Ẹ má dà á o! Kiloríìnì tó pọ̀ jù máa ń bó àwọ̀ píńkì yẹn kúrò, ó máa dà bíi pé kò sí rárá. Ṣé ó pọ́n fírí nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ da oògùn sí i, kó tó funfun? Ẹ bu omi púùlù ìdérí kan, píọ̀ wọ́tà ìdérí mẹ́ta, ẹ pò ó, ẹ wọ̀n ọ́n, ohun tẹ́ ẹ bá rí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

ÌyáÌbejìFate
Sátidé, 9:08 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni o, ó pọ́n fírí. Mo ti pò ó, 3.5. Ìyẹn jẹ́ 14. Ẹ ṣeun, ọwọ́ mi ti wà lórí síbí.

TíṣàKẹ́mísìÒkèÒyì
Sátidé, 9:12 alẹ́

Ó dáa. Kẹ́ ẹ tó lọ kírun Àsùbáà, kí oòrùn tó yọ, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lóru kò sí oòrùn tó ń jẹ kiloríìnì, torí náà ohun tó bá dín kù, nǹkan tó wà láàyè nínú omi ló jẹ ẹ́. Nọ́ńbà yìí ni ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀ omi.

ÌyáÌbejìFate
Sọ́ńdè, 5:25 àárọ̀

3. Ó jẹ 11 mọ́jú.

AlápúùlùỌ̀fà
Sọ́ńdè, 6:40 àárọ̀

Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e padà sí 16, 13 ló kù síbẹ̀, gíráàmù 910. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kùnà rèé, wọ́n á dà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó padà wá, gíríìnì á ti sinmi, á ti jẹun, á ti bímọ. Ẹ má jẹ́ kó sinmi. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹ máa dá a padà sí 16. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri lójoojúmọ́, ìta ara ẹ̀ tó yọ̀ yẹn ló fi ń dáàbò bo ara ẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá ya á kiloríìnì ò ní wọlé. Gééjì asẹ́, tó ń fi psi wọn bí omi ṣe ń tì nínú ẹ̀, ẹ kọ ohun tó ń kà lẹ́yìn bákíwọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tó bá ti fi 8 sí 10 psi ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ tún ṣe bákíwọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

ÌyáÌbejìFate
Túsìdeè, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Gíríìnì ti lọ! Omi ti di àwọ̀ eérú, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Mo rí àtẹ̀gùn kejì nísàlẹ̀, ẹ̀kẹta ò tíì hàn. Gééjì bẹ̀rẹ̀ ní 10, ó ti di 19 lọ́sàn-án yìí, mo ṣe bákíwọ́ọ̀ṣì, omi tó jáde dà bí omi ẹ̀fọ́ tí wọ́n fọ̀. Èyí tó jẹ mọ́jú òní jẹ́ 6. Ọmọkùnrin yẹn wá láàárọ̀, ó ní kí n jẹ́ kóun da álọ́ọ̀mù sí i kó tètè mọ́. Mo ní rárá. Mo fi àlàyé Tíṣà hàn án lórí fóònù, ó jókòó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò burú, kò sẹ́ni tó kọ́ òun náà ni.

AlápúùlùỌ̀fà
Túsìdeè, 7:30 alẹ́

Ẹ bá mi kí i. Àwọ̀ eérú yẹn òkú gíríìnì ni, asẹ́ á kó o. Ẹ má yí ọwọ́ padà.

ÌyáÌbejìFate
Fúráídeè, 5:50 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, omi ti mọ́. Mo ju síbí tíì sí ibi tó jìn, mo ń rí ọrùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń jẹ 4 mọ́jú, láti ọjọ́ méjì ni, kò fẹ́ kúrò lórí 4. Ibo ló ń lọ?

AlápúùlùỌ̀fà
Fúráídeè, 7:15 àárọ̀

Ó sá pa mọ́ síbì kan. Ṣé iná wà nínú púùlù yín, nínú ògiri? Ẹ pa síwíìṣì ẹ̀ láti ìdí mítà, kì í ṣe síwíìṣì ara ògiri nìkan, kẹ́ ẹ pe oníná kó bá yín tú u síta. Ẹ tún wo ẹ̀yìn àtẹ̀gùn irin àti ẹnu ihò tó ń fa pàǹtírí lójú omi, abẹ́ ìdérí ẹ̀.

ÌyáÌbejìFate
Fúráídeè, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ó tú ìdè iná ọ̀hún, ó fà á síwájú, kùrukùru gíríìnì kan sì yọ láti ẹ̀yìn ẹ̀ bí èéfín, gbogbo wa ń wò ó. Mo na ọwọ́ sínú ihò yẹn, ó nípọn tó ìka méjì, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, mo ń kó o jáde bí ẹni ń kó ilá nínú ìkòkò. Ihò yẹn ò ju àwo ọbẹ̀ lọ! Ibẹ̀ ló jókòó sí látọjọ́ yìí tó ń rán ọmọ jáde sí wa. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gbogbo ibẹ̀, mo ti gbé kiloríìnì padà sí 16.

ÌyáAdéÒmùÀrán
Fúráídeè, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yìn iná! Mo ń lọ wo tèmi báyìí.

ÌyáÌbejìFate
Sọ́ńdè, 5:38 àárọ̀

15.5 lálẹ́, 15 láàárọ̀ yìí. Ìlàjì péré ló jẹ.

TíṣàKẹ́mísìÒkèÒyì
Sọ́ńdè, 6:10 àárọ̀

Ó ti kú. Tí ohun tó jẹ mọ́jú bá ti jẹ́ 1 tàbí kó dín sí i, tẹ́ ẹ rí ìsàlẹ̀, tí omi ò sì rùn, iṣẹ́ parí. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, oòrùn á bá yín ṣe é. Tó bá ti dé 4 ẹ wọn pH, àwọn ọmọ lè wọlé. Láti ìsinsìnyí, ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ ju 3 lọ láéláé pẹ̀lú CYA 40 yìí. Oòrùn wa á máa jẹ tó 2 sí 4 lóòjọ́, ìyẹn gíráàmù 140 sí 280 nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tábílẹ́ẹ̀tì, ẹ fi pa mọ́ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan.

BàbáTanke
Sọ́ńdè, 9:00 àárọ̀

Ọmọ mi, kú oríire. Ṣùgbọ́n gbọ́, ọjọ́ tó bá tún di pé o ò rí ìsàlẹ̀, kódà tó jẹ́ ọ̀sán ọdún, ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Omi tójú ò lè là já, ọmọ lè wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kí àwọn àgbà máa jẹun létí ẹ̀, kí wọ́n má mọ̀.

ÌyáÌbejìFate
Sọ́ńdè, 9:26 àárọ̀

Àmín bàbá, mo ti gbọ́. Bàbá àwọn ọmọ ti ní káwọn ajórin wá ṣe ọgbà irin yí púùlù náà ká lọ́la, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tọ́wọ́ ọmọdé ò ní tó. Mo ti ra ìwé kan, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù pẹ̀lú báírò, ọmọkùnrin yẹn á máa kọ kiloríìnì àti pH sí i nírọ̀lẹ́, èmi á máa wò ó. Kẹ́hìndé dúró létí omi láàárọ̀ yìí, ó ń ka àtẹ̀gùn sókè, ó ní mẹ́rin ni. Ó ti gbàgbé pé ẹ̀kẹrin wà.

AraAjàṣẹ́
Sọ́ńdè, 11:48 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Tèmi kì í ṣe gíríìnì, nǹkan bí ìyẹ̀fun yẹ́lò ló wà lápá ibi tí oòrùn kì í dé, tí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án á fò bí eruku, lọ́jọ́ kejì á ti padà. Ṣé ìkan náà ni?

AlápúùlùỌ̀fà
Sọ́ńdè, 12:15 ọ̀sán

Ẹbí kan náà ni, ó tiẹ̀ lágídí ju gíríìnì lọ. Ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà, ṣùgbọ́n tó bá ti yege ìdánwò mọ́jú, ẹ tún gbé kiloríìnì ga sí i fún ọjọ́ kan gbáko, kẹ́ ẹ sì kó búrọ́ọ̀ṣì, nẹ́ẹ̀tì àti àwọn ohun ìṣeré ọmọdé sínú omi náà kó pa èyí tó wà lára wọn. Ẹ kọ́kọ́ wọn CYA kẹ́ ẹ sọ iye ẹ̀ fún wa níbí.